Omi Tí A Dà Nù

Wọ́n ní omi téèyàn ó mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀.
Èyí tí a dà nù ńkọ́?
Ta ló ń bi í léèrè ibi tó ń lọ?

Lẹ́yìn ilé ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ìṣápá, lọ́nà Ìyàrá,
omi funfun ń sun lábẹ́ àpò tí a fi jáàkì tẹ̀.
Ó ń rọra wọ́ lọ bí ẹni tó jẹ gbèsè,
ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba abẹ́ òrombó Bàbá Ayégbùsì,
ó bọ́ sínú odò Èrìnrìn.

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Wọ́n mu ún láàárọ̀, wọn ò dé ìdí èèkàn lálẹ́.
Lẹ́yìn náà ni àrọ̀ léfòó, ikùn lókè.
A ní àwọn ará òkè odò ló fi oògùn pẹja.
Àwọn ará òkè odò ní: ta ló ń tẹ ẹ̀gẹ́ nínú wa?

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún
ṣí fáàfù, tí mo tì í, nílé-iṣẹ́ omi ní Lọ́kọ́ja,
mo ti fẹ̀yìntì wálé pẹ̀lú sípánà méjì àti ìgbéraga.
Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré ni.
Mo gbẹ́ kòtò kan tó jìn jù mí lọ,
mo fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mo kọ déètì sí etí rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án, kòtò bì.
Ọjọ́ ìkórè àwọn ọ̀dọ́ ni.
Òórùn náà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé,
ó jókòó níwájú, kò dìde fún ẹnikẹ́ni.
Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Injiníà Olóòórùn,
orúkọ náà sì bá mi mu ju ṣẹ́ẹ̀tì ìfẹ̀yìntì mi lọ.

Màmá Ọmọ́sebí ló ránṣẹ́ pè mí.
Ó ti lé lọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ń ríran ní ẹ̀gbẹ́ kan.
Ó ní, "Ọ̀kun o, ìwọ tó mọ omi."
Ó gbé ajere kan jáde lẹ́yìn àdògán,
èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń sẹ́ eérú fún ọṣẹ.
Ó bu eérú sí i. Ó da omi lé e. Ó jókòó.
Èmi náà jókòó.
Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí ẹ̀kán kan tó kán.
Ó ní, "Ìkánjú lo fi gbẹ́ kòtò rẹ.
Omi tó ṣẹ̀ kì í fẹ́ ẹ̀wọ̀n.
Ìrìn àjò ló ń fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la tún un bẹ̀rẹ̀.
Adágún kan, kó kọ́kọ́ hó níbẹ̀, kó sọ tẹnu rẹ̀ tán;
òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣà nídìí àpáta,
yanrìn, èédú igi emi,
lẹ́yìn náà ifèéfèé, tí a hú létí odò
tí à ń gbìyànjú láti gbà sílẹ̀.
Gbogbo wọn gbẹ. Mo sunkún ní kọ̀rọ̀,
mo ní èéfín agbada gàrí ni.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ewé kan yọ,
ó tín-ín-rín bí ahọ́n ọmọ tuntun.

Ìjà ò tíì tán. Ọjọ́bọ̀ là ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún,
ìyàwó Ibítóyè sì ní òun kì í ṣe agbépóò.
Èmi náà ò sì tíì mu omi tó ń jáde níkẹyìn,
n kò ní purọ́.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń fi bomi rin.

Àmọ́ lálẹ́ àná, Bàbá Ayégbùsì gbá ilẹ̀kùn mi,
tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ìbínú lójú:
ọ̀pọ̀lọ́ ti kún adágún kẹta,
wọn ò jẹ́ kóun sùn.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójúde.
A ò sọ̀rọ̀ mọ́,
títí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi kú.