Abẹ́ Pọ́tì

Láti Ìjọ̀kà ni wọ́n ti fokùn fa Píjò olóògbé Tíṣà Akíndùro
wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókè Àró, Àkúrẹ́.
Adìẹ ti yé ẹyin mẹ́ta sórí àga ẹ̀yìn,
ìpẹtà ti jẹ mọ́gáàdì òsì tán.

Ọ̀gá Adúwò kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́,
ogójì ọdún òòlù ti di í létí.
Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbọ́rọ̀ páànù:
ó dijú, ó fọwọ́ pa á lára.
“Ibí wú. Ibí kù díẹ̀.”

Ó tẹ́ páànù tuntun sórí àpò iyanrìn,
òòlù igi ń bá a sọ̀rọ̀, kò jágbe mọ́ ọn,
títí ohun tó tẹ́jú bí omi inú àwo
fi yọ ikùn bí aboyún oṣù kẹrin.

Èmi ń ha ọ̀dà ilẹ̀kùn.
Abẹ́ ọ̀dà, pọ́tì.
Abẹ́ pọ́tì, kòtò tí òòlù kò dé rí.
Mo rẹ́rìn-ín: “Ọ̀lẹ wo ló ṣe èyí?”

Ọ̀gá tí kì í gbọ́ràn gbọ́ ìyẹn.

“Èmi ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n ṣe fúrídọ̀mù.
Tíṣà ní ó dára. Ó sanwó pé.”

Ilẹ̀ ṣú. Mo tan iná fóònù mi sí i,
ó ń kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.
Lọ́jọ́ kejì, ó ka iye fún opó náà:
mọ́gáàdì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀dà.
Ó fo ilẹ̀kùn.