Dúródèmí

Aláǹgbá lásán ló lé.
Kì í ṣe ìkookò, kì í ṣe olè.
Ó fo kòtò ẹ̀yìn ilé wa ní Sàmárù,
mo gbọ́ "kẹ́," bí igi gbígbẹ nínú ọyẹ́,
ó sì padà wá lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta,
ó gbé ìkẹrin dání bí ẹni gbé bàtà tó já.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Tèmi gbọ́. Orúnkún ni ò gbọ́.

Dókítà Rahínátù di itan mú, ó di ojúgun mú,
ó tì í díẹ̀: egungun yọ síwájú
bí àpótí tábìlì tí kò ní kọ́kọ́rọ́.
"Bàbá, iṣan àárín ti já.
Kò ní so ara rẹ̀ padà."

Múnírá ní, owó páànù nìyẹn o.
Ó ní, orúnkún tìrẹ ńkọ́,
tó ń dún bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin tí o fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀?
Mi ò rí èsì fọ̀.
Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo san án.

Wọ́n fá irun itan rẹ̀, awọ abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀wà tí a bó.
Oorun abẹ́rẹ́ gbé e lọ, ahọ́n rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi so egungun náà?
Okùn ìwọ̀. Èyí tí àwọn apẹja fi ń fa ẹja ńlá.
Wọ́n lu ihò sí ojúgun,
wọ́n fà á gba ẹ̀yìn orúnkún, wọ́n fún un, wọ́n dì í.
Ajá tó ń sá fún òjò àkọ́rọ̀!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ sáré,
okùn kúkúrú lọ́rùn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ìṣísẹ̀ ogún.
Màlámù Hàbú, tí kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun,
a dúró lókèèrè tòun ti búùtà àlùwàlá:
"Yáyà jíkì?"
Mo ní, "Dà sáukì."
Ajá ló ń bèèrè ni, àbí èmi? Mi ò bi í.

Nítorí pé ó máa ń sáré ṣíwájú mi
ni mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ tí mò ń pariwo.
Láàárọ̀ yìí, lójú ọ̀nà odò Kùbánní,
ó fi ẹsẹ̀ kẹrin tẹ ilẹ̀, ó gbé e,
ó tún tẹ̀ ẹ́.
Orúnkún tèmi dún.
Ó yíjú padà. Ó dúró.