Ìyá Ṣájà

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣájà ní Ìsánlú-Ìsin.
Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti ṣá sẹ́nu àwọn àgbà,
ọmọdé ò mọ̀ ọ́n.
Igba náírà, fóònù kan. Àádọ́jọ fún ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí mi.
Tábìlì mi gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù,
wáyà lórí wáyà bí ìfun àgbò lọ́jọ́ iléyá,
mo sì lẹ orúkọ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan:
Ọmọ Tísà. Jéjélolá. Ìbejì Onígáàrí, èyí tó fọ́ lójú.

Ẹ wá wo wákàtí méjì yẹn.
Ọwọ́ àwọn ọmọ á ṣófo.
Wọ́n á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
wọ́n á fọwọ́ kan àpò, wọ́n á rántí pé kò sí níbẹ̀.
Ẹnìkan á ta òkúta nípàá. Ẹnìkejì á bú u.
Kí n tó bu omi mu tán,
wọ́n ti fi èédú fa súwè sójú títì,
Rẹ̀mílẹ́kún ti ń fò lẹ́sẹ̀ kan,
Ọmọ Tísà ti ń rẹ́ wọn jẹ, ariwo ti sọ.
Ariwo! Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀.
Ìyá wọn sọ fún mi pé nínú ilé,
ẹ̀gbọ́n á wà ní yàrá, àbúrò á wà ní pálọ̀,
fóònù ni wọ́n fi ń bi ara wọn bóyá iṣu ti jinná.

Nítorí náà mo dẹ́ṣẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa jẹnẹrétọ̀ kí àkókò tó pé.
“Epo ti tán o. Mo ti rán Músílíù lọ sí Òmù-Àrán.”
Músílíù wà lẹ́yìn ilé, ó ń jẹ ẹ̀pà.
Mo jókòó, mo ń ka ẹsẹ̀ wọn nínú eruku,
mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀ ara rẹ̀.
Mo ní mo ka ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ò sí níbẹ̀.

Adití ni Múníratù. Ìsinmi ló gbé e wálé.
Bí wọ́n bá ń pariwo “O ti kú!” nínú súwè,
kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí,
wọ́n á ti í síta.
Lọ́jọ́bọ̀, ó dúró níwájú tábìlì mi,
ó na ìka sí fóònù, ó na ìka sí jẹnẹrétọ̀, ó wo ojú mi.
Mo ṣánwọ́: epo tán.
Kò kúrò. Ó tan fóònù náà, ó fi hàn mí:
iná pupa, ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún,
àti Háwáwù, ọmọ kíláàsì rẹ̀, láti Ìlọrin,
tó ń fi ìka mẹ́wàá sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí.
Múníratù gbé fóònù ti ìgò mínírà, ó fèsì.
Ọmọ tí mo rò pé kì í rẹ́rìn-ín!
Èmi ni wọ́n ń sọ, mo mọ̀,
torí Háwáwù yọjú, ó wò mí, èjìká àwọn méjèèjì ń gbọ̀n.
Kò sí ẹni tó ń tàkùrọ̀sọ tó báyẹn ládùúgbò wa,
ariwo kankan ò sì sí nínú ẹ̀.

Fóònù kú láàárín ọ̀rọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè,
gbólóhùn kan lórí ìka tí kò rí ibi balẹ̀ sí.

Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ó kọ̀. Mo tún fà á.
Àwọn yòókù gbúròó, wọ́n sáré bọ̀,
“Ìyá Ṣájà, epo ti dé? Ṣé tèmi ti kún?”
Títì dá páropáro.
Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ló ṣì dúró lẹ́sẹ̀ kan nínú ìlà,
ó ń wo ọwọ́ Múníratù.
Ó gbé tirẹ̀ sókè díẹ̀, ó ká ìka kan kò,
ó wá bi mí, àní èmi,
“Kí ni wọ́n ń pe súwè nínú èyí?”

Mi ò mọ̀.
Mo ní kó lọ bi ẹni tó ni ọwọ́.