Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
tí afẹ́fẹ́ ń kọ́ igi bí wọ́n ṣe ń tẹríba,
èmi ni mò ń ti bẹ́ẹ̀dì lóru nílé ìwòsàn.
Ẹ má bi mí léèrè oògùn. N kò mọ oògùn.
Mo mọ táyà tó ń dún, mo mọ ìwé tó ń jábọ́.

Ìwé mọ́kànlá ni aláìsàn kan ń gbà wọlé.
Orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje.
Orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀,
ẹ̀sìn rẹ̀, nọ́ńbà ilé rẹ̀,
bóyá ó ń sin ajá.
Ohun tó lè pa á ńkọ́?
Ó wà lẹ́yìn ìwé kẹrin, nísàlẹ̀ pátápátá,
nínú àpótí kan tí kò tó èékánná ọmọdé.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àgbà ló wí i.
Ẹ̀yìn ni ìwé tiwa fi í sí.
Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá ń gbé;
ẹ̀yìn ìwé ni ikú tiwa gba yàrá.

Celedonio Mansilla, apẹja akàn, wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan.
Irin ọkọ̀ ti ya á lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ ti ń kẹ̀.
Pẹnisílìn ni èèwọ̀ ara rẹ̀.
Ó sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́. Etí mi níbẹ̀.
Aago mẹ́ta òru lù,
nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, aláìsàn mẹ́rìndínlógún,
ta ló fẹ́ máa ṣí ìwé mọ́kànlá lójú oorun?
Abẹ́rẹ́ wọlé. Ètè wú. Ọ̀fun dí.
Mo ti bẹ́ẹ̀dì yẹn débi pé bàtà mi kan ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Kò kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.
Ṣùgbọ́n Eduvigis, nọ́ọ̀sì òru náà,
kò lè gbé ṣíbí sẹ́nu fún ọjọ́ méjì.
Wọ́n ní kó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀: "Mi ò kíyè sára."
Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó mú àlùmọ́gàjí.

Lórí tábìlì ìdáná rẹ̀ ló ti gé ìwé mọ́kànlá náà wẹ́wẹ́
bí ẹni gé ẹ̀fọ́.
Ó ní, "Nicanor, kí ni ìwọ máa ń wá nínú ìwé yìí?"
Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ti bẹ́ẹ̀dì,
ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan rí.
Mo ní, "Bóyá ó lè dìde fúnra rẹ̀. Ibi tí mò ń gbé e lọ. Ó tán."
Ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi pupa yí èèwọ̀ ara ká, lókè, níwájú.
Ó rẹwà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.
Ẹ̀rọ adàwékọ wa kò gbọ́ èdè pupa.
Pupa di eérú, eérú di òfo.
Eduvigis rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó padà sídìí àlùmọ́gàjí.

(Kí a tó lè yí fọ́ọ̀mù padà, fọ́ọ̀mù kan wà fún un,
ojú ìwé mẹ́sàn-án gbáko.
Orúkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún.)

A pa iná wọ́ọ̀dù. Ó fi ìwé tuntun lé Dókítà Oyarzo lọ́wọ́,
ẹni tí kò tíì sùn láti àná,
ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré, ó ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.
"Kí ló lè pa ẹni yìí?"
Dókítà dáhùn kó tó dé ẹ̀rin.

Ìwé mẹ́ta ni báyìí. Orúkọ lẹ́ẹ̀kan.
Ìlà dúdú kan, tó nípọn bí àtàǹpàkò mi, yí èèwọ̀ ká.
N kò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan ti gún;
bírò ṣì ń sọnù, táyà mi ṣì ń dún.
Ṣùgbọ́n mo rí nọ́ọ̀sì kan lánàá tó jókòó ti arúgbó kan,
kò mú ìwé kankan dání.

Celedonio padà wá nínú oṣù kẹfà pẹ̀lú garawa akàn.
Ó ní kí a fi ìwé òun han òun,
ó fi ìka tẹ ìlà dúdú náà.
"Èmi rèé," ló wí.
Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn. A lọ wá omi gbígbóná.