Agogo Mẹ́jọ Alẹ́, Yangon

Ìkòkò tí Nyunt Yi fi se ìrẹsì láàárọ̀
ló ń fi ṣíbí lù lójú fèrèsé lálẹ́.
Ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.
Ṣọ́jà dé ìsàlẹ̀, ó ṣíwọ́;
wọ́n kọjá tán, ó tún mú un.

Àrùn ní ká jókòó sílé.
Ìbọn náà ní ká jókòó sílé.
Síbẹ̀ ó tò láti ìdájí fún afẹ́fẹ́ bàbá rẹ̀,
ó gbé sílíńdà òfìfo bọ̀.
Aṣọ yẹ́lò ló so síta: oògùn là ń wá.
Ti aládùúgbò, funfun: ebi ni.

Lónìí ó lù ú, ó dẹtí sí yàrá kejì.
Bàbá ń fi èékánná kan igi ibùsùn,
kó…
kó…
ó pẹ́ díẹ̀,
kó.