Fọ́nrán Òwú Kan

Ọjọ́ kẹfà tí ibà náà kò lọ,
a gbé Dúrójayé kúrò ní Ògìdì lóru,
a jókòó sáàárín àpò gàrí, a kọjá Mọ̀pà, ó di Ẹ̀gbẹ́.
Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì ní ipin.
Ètè rẹ̀ sán bí ilẹ̀ oṣù kejì.
Ọmọ ọdún mẹ́ta,
ó ń bẹ̀ mí kí n má fọwọ́ kan òun.

Dókítà Ayédogbọ́n ní ará Japáànù kan ló kọ́kọ́ tú àìsàn yìí wò,
pé ara ọmọ ló ń bá ara rẹ̀ jà,
pé iṣan tó yí ọkàn ká ló ń lé lọ.
Mo ní, ta ló fi ọ̀nà Ògìdì hàn án?
Kò rẹ́rìn-ín.

Oògùn wá láti Ìlọrin nínú páálí oníyìnyín.
Owó kaju ọdún méjì, nínú igo.
Ó ń kán, ó ń kán, títí àkùkọ fi kọ.
Ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì kejì, àìsàn kan náà, oògùn kan náà,
kó tó di ọ̀sán, ó ti ń béèrè àkàrà.
Tèmi ń jó bí igbó ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀:
"Nílé tiwa, a kì í rí irú èyí."
Èsì wà lẹ́nu mi:
èyí tó kú ní Ìyàrá ńkọ́,
tí ìka rẹ̀ bó bí àlùbọ́sà, tí ẹ ní ayé ló ṣe é?
Mo gbé e mì.

Dókítà fa ilà méjì sórí ìwé, ó pa wọ́n pọ̀.
Ó ní díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá,
pé àwọn tó ń wá a kò tíì rí gbogbo rẹ̀ tán:
oògùn á kan ilẹ̀kùn,
nínú ara àwọn kan, kò sẹ́ni tí yóò ṣí i.

Mo rántí ìyá mi nídìí òfì ní Búnú.
Bí fọ́nrán kan bá ti lọ́ lọ́jọ́ tí a na òwú,
aṣọ náà yóò dára,
a ó fi gbé ìyàwó,
ọjọ́ tí a bá fọ̀ ọ́ ni yóò sún kì níbì kan.
Ẹjọ́ ta ni? Ẹni tó gbin òwú ni, àbí ẹni tó ran án?

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gba ti bàbá rẹ̀.
Ìyá ọkọ mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láìsọ̀rọ̀.
Igo mẹ́ta lórí tábìlì.
Bí kì í bá ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i,
ta ni ìbá mọ èwo ni tilé, èwo ni tàlejò?

Oògùn mìíràn ló mú ibà lọ, lọ́jọ́ kọkànlá.
Ó lọ láìdágbére, kò sì sọ pé òun ò padà.
Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó máa gbé ọkàn rẹ̀ wá fún wọn wò.

"Òkun o," ni àwọn aládùúgbò ń kí wa lábẹ́ àpáta.
"Òkun o," ni Dúrójayé dá wọn lóhùn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.
Awọ ìka rẹ̀ ń bó sórí ìró mi.
N kò gbọ̀n ọ́n nù.