Ilé Tí Mo Kọ́ Nínú Bọ́ọ̀sì

Aago márùn-ún àárọ̀, òtútù Stoke ń jẹni létí,
mo ti jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Hanley,
ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò,
ìka kan ṣoṣo níta, òtútù ti sọ ọ́ di igi.
Ìka yẹn ni mo fi ń kọ́lé.

Mo fa ìlà kan, ògiri dìde.
Mo ta á níka, ilé yípo bí òkòtó,
iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, orí òrùlé,
kò kọsẹ̀, kò mí hẹlẹhẹlẹ.
Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀,
ilé ìyá mi ní Ìpetumodù,
nínú ohun tí kò ju páálí ìṣáná mẹ́ta lọ.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, mo ní, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ni mo bá fi fèrèsé onígíláàsì kún un.
Mo fi àtẹ̀gùn kún un, irin ọwọ́ àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo gbin máńgòrò méjì,
mo ní kí oòrùn ọ̀sán ràn, kí òjìji ewé bọ́ sílẹ̀.
Fóònù gbóná látẹ́lẹwọ́ mi bí iṣu sísun.
Ilé yí díẹ̀, ó dúró, ó tún yí díẹ̀,
bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.
Ewé máńgòrò di àbàwọ́n.
Bátìrì já láti ogójì sí mọ́kànlá ká tó dé Etruria,
ojú rẹ̀ ṣú,
ara mi ni mo rí nínú rẹ̀, èmi àti fìlà onírun.
Ẹni tó ru ẹran erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀, mo mọ̀.
Ta ló gbé erin lé e lórí, bí kò ṣe èmi?

Bagnall, tá a jọ ń to àwo sínú páálí níbi iṣẹ́,
ló ní kí n wá sílé òun lọ́jọ́ Àìkú.
Kọ̀ǹpútà ọmọ òun wà ní yàrá òkè, ọmọ ti lọ sí Cardiff.
Àpótí dúdú, ó tóbi tó èyí téèyàn ń jókòó lé,
fáànù mẹ́ta nínú rẹ̀, wọ́n ń hó bí omi ẹ̀kọ,
káàdì tó ń ya àwòrán nìkan wúwo tó fóònù mi mẹ́rin.
Mo ṣí ilé ìyá mi.
Yéè.
Ewé máńgòrò, mo lè kà á.
Òjìji irin àtẹ̀gùn dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, tínrín,
ó ń rìn bí mo ṣe ń ti oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.
Bagnall gbé tíì wá, ó dúró lẹ́yìn mi,
ó ní, "Oòrùn yìí mà pọ̀.
Èyí tá a ń rí lọ́dún kan níbí ò tó o."
Òjò ń lu fèrèsé rẹ̀.

Lálẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi,
sórí fóònù rẹ̀ tó ti sán lójú,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ilé náà pọ̀ títí ó fi ku bí èékánná.
Ó gbé e sún mọ́jú, ó gbé e jìnnà,
mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.
Òjìji tí mo fi wákàtí mẹ́fà tò, kò rí i.
Ó ní, "Oyèkànmí, ó dára o.
Níbo lomi òrùlé máa gbà?"

N kò fi ọ̀nà omi sí i.
Fóònù ò sọ fún mi. Àpótí ńlá náà, tòun ti ariwo rẹ̀, kò sọ.

Lónìí, mo tún wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.
Mo ti hú máńgòrò, mo ti pa oòrùn,
ilé dúró láwọ̀ eérú, ìlà lásán,
ó sì ti tún ń yí bí òkòtó.
Ìka tó di igi ń fa gọ́tà,
láti etí òrùlé wá sílẹ̀,
dé ibi tí ìyá mi máa ń gbé dírọ́ọ̀mù rẹ̀ sí.